Ohùn Owó, Ohùn Ìṣó: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Èdè Ẹ̀rọ Awárin

ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN WA

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mú ẹ̀rọ awárin kan bọ̀ fún mi nígbà tó wálé fún ọdún Kérésìmesì, nítorí ó mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti ń kó owó àtijọ́ jọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé e káàkiri ẹ̀yìn ilé wa ní Ìtókò, ṣùgbọ́n ìṣó, ọmọrí ìgò àti àfọ́kù páànù nìkan ni mo ń rí. Ẹ̀rọ náà kì í dákẹ́. Ibi gbogbo tí mo bá gbé e sí ló ti ń ké, igbe rẹ̀ sì jọ ara wọn létí mi. Ìyá mi ti ń bínú nítorí ihò tó kún inú àgbàlá. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ ti owó nínú gbogbo ariwo yìí? — Àbúrò yín, Ìtókò, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìforítì. Bá mi bẹ ìyá rẹ, kí o sì dí gbogbo ihò náà lónìí kí o tó tún gbé ẹ̀rọ jáde, nítorí ẹni tí kì í dí ihò tó gbẹ́ kì í pẹ́ rí ilẹ̀ tí wọn yóò fi sílẹ̀ fún un mọ́. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ṣe èmi náà fún odidi oṣù mẹ́rin, ohun tí mo sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbà ni pé ẹ̀rọ yìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ owó. Kò sí ọ̀rọ̀ náà nínú èdè rẹ̀. Àwo róbótó tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ ní wáyà tí wọ́n ká sínú rẹ̀, iná tó ń gba inú wáyà náà kọjá sì ń yí padà ní nǹkan bí 5,000 sí 20,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí àwa tí à ń wá owó ń lò. Iná yìí ló ń rán agbára òòfà wọ inú ilẹ̀. Bí agbára náà bá kan irin èyíkéyìí, iná kékeré a bẹ̀rẹ̀ sí í yípo lára irin ọ̀hún, òun náà a sì rán agbára tirẹ̀ padà sókè, wáyà kejì tó wà nínú àwo a sì gbọ́ ọ. Fàdákà àti bàbà máa ń jẹ́ kí iná yípo lára wọn fàlàlà, ìdáhùn wọn a sì máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ju ti àwọn yòókù lọ. Ìdádúró kékeré yìí ni ẹ̀rọ ń wọ̀n, tó sì ń sọ di ohùn tí o ń gbọ́ àti nọ́ńbà tó ń hàn lójú rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ̀rọ ń dáhùn ni pé irú irin wo ló wà níbẹ̀ àti báwo ló ṣe tóbi tó. Ìwọ tí o di ọ̀pá rẹ̀ mú ni wàá pinnu bóyá owó ni.

Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí èyí le fún wa, nítorí etí wa ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ àti sí ọ̀kọ̀, tó sì ń gbọ́ ohun tí gángan ń sọ láì rí ẹnu tó ń sọ ọ́, ti kọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí láti inú ìyá rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, irin dúdú, ìyẹn irú èyí tí a fi ń ṣe ìṣó àti ọkọ́, ń bẹ lórí dò. Agolo mínírà tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ àti àwọn owó kan ń bẹ lórí re. Fàdákà àti bàbà ń bẹ lórí mí. Kó ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí kí o tó máa wo nọ́ńbà. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ ni etí tètè ń mọ ìyàtọ̀ ju ojú lọ nínú iṣẹ́ yìí. Bí o bá ní ohun ìgbọ́rọ̀ tí a ń kì bọ etí, lò ó, nítorí ohùn owó tó jìn kì í le, ariwo ọ̀kadà lásán sì lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo kò tó gbẹ́ ilẹ̀ fún. Bí ẹ̀rọ bá ké, dúró síbẹ̀, kí o máa gbé àwo náà lọ, kí o máa gbé e bọ̀ lórí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ó sún mọ́ ilẹ̀ bí ìbú ìka méjì, kí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé àwo sókè ní ìparí apá bí ẹni tó ń fi àdá ṣán oko. Bí o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ohùn tó ń jáde kò ní ṣeé gbára lé. Owó a dáhùn nígbà tí àwo ń lọ àti nígbà tó ń bọ̀, ohùn rẹ̀ a mọ́, a bẹ̀rẹ̀ kíá, a sì parí kíá, bí ìgbà tí wọ́n lu agogo lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì fọwọ́ dì í mú. Ìṣó tó ti dógùn-ún sábà máa ń dáhùn ní ìhà kan kí ó dákẹ́ ní ìhà kejì, tàbí kí ohùn rẹ̀ já sí méjì, kí ó sì máa ha. Lẹ́yìn èyí, kúrò níbi tí o dúró sí, lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí àwo lè máa dábùú ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Owó rí róbótó, ibi yòówù tí o bá ti wò ó, bákan náà ni yóò rí. Ìṣó gùn, bí o bá sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ, ohùn mí tó ń fi tàn ọ́ jẹ á di dò. Tí o bá wo nọ́ńbà náà, èyí tó dúró sójú kan, tàbí tí kò yí ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, yẹ fún gbígbẹ́. Èyí tó ń fò láti 20 lọ sí 75 kí ó tún padà sí 33, kò sí ohun tí mo lè fi í ṣe nílẹ̀ Ẹ̀gbá yìí. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé tí ohùn sì le jù ni kí o fi ọkọ́ sí.

Àyẹ̀wò kẹta ni mo fi ìyà kọ́. Ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi kan, ẹ̀rọ mi ké lọ́jọ́ kan ní ohùn mí tó mọ́ gaara, kò já, kò ha, bí mo sì ṣe yí i po tó, kò yí padà. Mo ti ń rí fàdákà lójú ọkàn mi. Mo gbẹ́ ilẹ̀ náà títí tí apá mi fi wọlé dé ìgúnpá, ohun tí ọwọ́ mi sì bà ni ọkọ́, odidi ọkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ tán. Irin dúdú tó tóbi tó sì tẹ́ lè fọ ohùn fàdákà, àfọ́kù páànù tó ti rà sínú ilẹ̀ sì ni ọ̀gá gbogbo wọn, nítorí páànù la fi bo ìlú yìí láti Aké dé Láfẹ́ńwá, ibi tó bá sì ti jábọ́ ló ń jẹrà sí. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ náà kò ju kí n gbé àwo sókè lọ. Bí o bá gbé àwo kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ohùn owó á rẹlẹ̀ gan-an tàbí kí ó kú, nítorí owó kéré. Ohùn ọkọ́ tàbí páànù á ṣì máa ké lọ. Láti ìgbà náà, n kò gbẹ́ ohùn mí kankan láì kọ́kọ́ gbé àwo sókè.

Ariwo tí kì í dákẹ́ tí o sọ yẹn, mo fura pé kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ irin nìkan. Ilẹ̀ wa ń sọ̀rọ̀. Pupa tó wà lára yangí, èròjà irin ló mú un wá, ẹ̀rọ sì ń gbọ́ ọ bí ó ṣe ń gbọ́ ìṣó. Ṣáájú gbogbo nǹkan, wá ojú ilẹ̀ kan tí kò sí irin, tẹ bọ́tìnì tó ń mú ẹ̀rọ bá ilẹ̀ mu, kí o sì máa gbé àwo sókè sódò lórí ibẹ̀ títí tí yóò fi dákẹ́. Tún un ṣe bí o bá ti kúrò lórí ilẹ̀ pupa bọ́ sórí ilẹ̀ iyanrìn létí Odò Ògùn. Kí o sì dín agbára ìgbọ́ràn ẹ̀rọ kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń gbé e dé òpin nítorí wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbọ́ ohun tó jìn, ṣùgbọ́n nílẹ̀ yangí, yangí náà ni yóò máa gbọ́. Owó kan ṣoṣo kì í sábà ṣeé gbọ́ kọjá nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà, ilẹ̀ tó kún fún irin báyìí sì ń dín èyí náà kù. Má sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ wáyà iná ńlá, má fi fóònù sápò ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó di ẹ̀rọ mú, nítorí àwọn méjèèjì máa ń mú un ké lásán.

Èyí tó kàn ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, bí o bá sì gbàgbé ìyókù, má gbàgbé rẹ̀. Gba ààyè kékeré kan lọ́wọ́ ìyá rẹ, bí ìwọ̀n ẹní kan. Fi ẹ̀rọ wá gbogbo irin ibẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ri owó tí o mọ̀ dájú sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn kan ní 5 sẹ̀ǹtímítà, àwọn kan ní 10, àwọn kan ní 15. Fi ọ̀kan lélẹ̀ gbalaja, fi òmíràn dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o lè gbọ́ bí ohùn owó tó dúró ṣe ń tín-ín-rín. Ri ìṣó síbẹ̀, ri ọmọrí ìgò, ri àfọ́kù páànù, kí o sì ri owó kan tì ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fi igi kéékèèké sàmì sí wọn, kí o sì kọ ohun tó wà lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Máa gba orí wọn kọjá láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o sì máa kọ ohùn àti nọ́ńbà tí o bá gbọ́. Ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kì í dáhùn bí ilẹ̀ tó ti dì, nítorí náà jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i dáadáa kí o tó gba ohun tó ń sọ gbọ́ pátápátá. Kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní èdè ẹ̀rọ tìrẹ lórí ilẹ̀ tìrẹ bí ààyè kékeré yẹn.

Mo ní kí o ri owó tì ìṣó nítorí pé ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 1881, nígbà tí wọ́n yìnbọn lu James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Alexander Graham Bell tó ṣe tẹlifóònù gbé ẹ̀rọ awárin kan wá síbi ibùsùn rẹ̀ láti fi wá ọta tó wà lára rẹ̀. Kò rí i. Ọ̀kan nínú ohun tó da ẹ̀rọ náà láàmú ni irin tó wà nínú ibùsùn tí Ààrẹ dùbúlẹ̀ lé. Ní àgbàlá wa, ìṣó ni ibùsùn yẹn. Bí o bá pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó dákẹ́ lórí gbogbo irin dúdú, yóò dákẹ́ lórí owó tó sùn ti ìṣó pẹ̀lú. Nítorí náà, jẹ́ kí irin dúdú máa sọ̀rọ̀ ní ohùn dò rẹ̀, gbé àwo pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí o sì dẹtí sí mí kúkúrú tó bá yọ láàárín dò. Lẹ́bàá ògiri ilé alámọ̀ kan ní Ìjemọ̀, mí kékeré báyìí ni mo gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lọ. Ìṣó mẹ́ta ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni kọ́bọ̀ onihò kan, irú tí wọ́n ń ná nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, àwọ̀ ewé ti bò ó, erùpẹ̀ pupa sì dí ihò àárín rẹ̀ pa. Mo fi omi tútù àti ìka nìkan yọ erùpẹ̀ náà, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì yọ díẹ̀díẹ̀ yí ihò náà ká. Má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ owó bí ẹni tó ń fọ idẹ. Yóò dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò bà jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ìbàrà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń ṣeré pẹ̀lú ẹ̀rọ awárin, mo sì kó owó onírin tó wà nínú agolo mi fún wọn láti fi dán an wò. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kọ́bọ̀ àtijọ́ ń ké dáadáa, ṣùgbọ́n náírà kan onírin ń dún bí ìṣó. Ṣé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ rárá, òótọ́ ló ń sọ fún yín. Owó onírin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1991, kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ mẹ́wàá, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àádọ́ta kọ́bọ̀ àti náírà kan, irin dúdú ni wọ́n nínú. Bàbà tàbí níkẹ́lì fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n kàn fi bò wọ́n. Ẹ fi òòfà kàn wọ́n, ẹ ó rí i pé wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń wá owó àtijọ́ kò pàdánù ohun púpọ̀ bí wọ́n bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Agolo yín yẹn, Màmá, ìwé ìtàn ni, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dáadáa. Nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, idẹ ni wọ́n fi ṣe ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀ kan, ìdí nìyẹn tí ohùn wọn fi ròkè. Kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti ọdún náà jẹ́ àdàlù bàbà àti níkẹ́lì, níkẹ́lì kì í sì í jẹ́ kí iná yípo bí bàbà nìkan ṣe ń jẹ́ kó yípo. Ẹ ó gbọ́ wọn nísàlẹ̀ ju bí ojú wọn tó ń dán ṣe lè mú yín rò lọ, àgàgà èyí tó kéré, tí ó máa ń sún mọ́ ohùn agolo mínírà. Èyí ló ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ fò wọ́n. Bí ẹ bá ní ṣílè tí wọ́n ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1913 sí nǹkan bí 1920, fàdákà ni, ohùn rẹ̀ ló sì ga jù nínú agolo náà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n pa fàdákà tì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo idẹ fún ṣílè, sísì àti tọ́rọ́. Ẹni tí kò wo ọdún ara wọn dáadáa lè ṣi ṣílè méjèèjì mú, ṣùgbọ́n etí kò lè ṣì wọ́n mú.

Kọ́bọ̀ onihò ni kí ẹ fi parí eré náà. Òrùka tí kò já ni, iná sì ń rí ọ̀nà yípo lára rẹ̀ láì sí ìdíwọ́, nítorí náà ihò àárín yẹn kò ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ní èyí tó ti fọ́ níbì kan, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ odidi, àwọn ọmọ yóò sì gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe já wálẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ìdílé wa ní Ìtòkú gbà pé bàbá ńlá wa ri ìkòkò owó ẹyọ sínú ilẹ̀ ilé àtijọ́. Ẹnì kan fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa láti fi ẹ̀rọ awárin wá a. Ṣé kí a gbà fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀ kan. Owó ẹyọ tí wọ́n ná nílùú yìí láti ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá ti dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830 kì í ṣe irin. Ìkarahun ẹran inú omi ni. Amọ̀ ni ìkòkò. Bí ẹ̀rọ awárin tó dára jù lọ láyé bá dúró lórí ìkòkò owó ẹyọ, kò ní fọhùn. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ òun ń ké sí owó ẹyọ, ìṣó tàbí páànù ló ń gbọ́, tàbí kó máa purọ́ fún yín. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú un ké ni bí irin tàbí idẹ bá wà pẹ̀lú owó náà.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ kan ilẹ̀ náà fún ìdí yòówù, ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà tó kù fi ojú oórì hàn yín, nítorí inú ilé ni wọ́n ń sin àwọn baba wa sí, irin ìdè pósí sì ń ké bí irin mìíràn. Ẹ yẹra fún ojúbọ Ògún pẹ̀lú. Irin ló kún ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbẹ́ ẹ fún eré. Òfin tó dá àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní ọdún 1979 sì fi lélẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ láti wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà. Kọ́bọ̀ tó bọ́ lápò ẹnì kan lẹ́yìnkùlé yàtọ̀ sí ẹrù tí bàbá ńlá yín ri mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbà pé ẹrù náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀dọ̀ àjọ náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.